Ẹ Yé Rúbọ Kí Ẹ Tó Dífá: Sí Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Ṣe Áàpù

Ẹ̀yin ará wa ní Pobè, ní Sakété, ní Kétou, ẹ̀yin tó wà lódì kejì ní Ìdí-Ìrókò àti Ìmẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ òní le díẹ̀. Mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jà. Ìjà ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìjà ni.

Gbólóhùn méjì péré ló ń bí mi nínú. Ká ní áàpù àjọ kan ka owó ìyá kan dín. Ìwé MoMo rẹ̀ ní ó sanwó, áàpù àjọ ní kò san pé. Ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó ṣe áàpù náà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni: "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn." Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ìkejì ń bọ̀: "Màmá, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ ṣì." Ó parí. Màmá á padà sílé, á máa rò ó bóyá ojú òun ni kò ríran mọ́. Ọmọ náà á padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á yí nǹkan kan padà níbì kan, á fi áàpù tuntun ránṣẹ́ sórí WhatsApp, á ní ó ti dáa. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti lọ lóòótọ́.

Babaláwo wo lẹ rí rí tó rúbọ kó tó dífá? Ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa: wọ́n á da ọ̀pẹ̀lẹ̀, wọ́n á béèrè, wọ́n á tún béèrè kí wọ́n tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ra àkùkọ. Àwọn ọmọ wa tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìgbàlódé ni wọ́n wá ń pa àkùkọ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí iṣẹ́ yìí kò yé. Àwọn tó ń kọ ètò ń pe àṣìṣe inú ètò ní kòkòrò. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà Mark II ní Yunifásítì Harvard rí àfòpiná kan tó há sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Orúkọ náà ti wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣáájú ìgbà yẹn, ìyẹn náà ni wọ́n ṣe rí i bí ẹ̀fẹ̀ pé kòkòrò gidi ni àwọn mú. Ohun tó wù mí nínú ìtàn náà ni pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ, wọ́n wò ó, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n ń wá. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà pé ìka rẹ̀ ló tóbi jù.

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn ọmọ wa wọ̀nyí, ẹ máa gbọ́ àríyànjiyàn mìíràn láàárín wọn. Àwọn kan ní print ló dáa jù: kí èèyàn kọ ìlà kékeré sínú ètò rẹ̀, tí ìlà náà á máa sọ síta pé, "Mo dé ibí o, iye tó wà lọ́wọ́ mi nìyí." Àwọn kejì ní iṣẹ́ àtijọ́ nìyẹn, pé dibọ́gà ló bójú mu: irinṣẹ́ tó ń dá ètò dúró lórí ìlà tó bá wù ọ́, tí o á fi máa tì í lọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí o á sì máa yẹ inú àpò rẹ̀ wò. Wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀. Ìjà náà ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1979, Brian Kernighan, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó bá wọn tọ́ Unix dàgbà, kọ ọ́ pé ìrònú jinlẹ̀ pẹ̀lú print tí a fi síbi tó yẹ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ kò fẹ́ràn dibọ́gà rárá. Ó di ọdún 2008 kí wọ́n tó gba irú rẹ̀ wọ inú Linux.

Ìjà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ kàn mí. Wọ́n ń jà lórí ọkọ́ àti àdá, wọn kò sì tíì mọ oko tí wọ́n ń lọ. Ojú ni print, ojú náà ni dibọ́gà. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni kí ojú náà wò. Ohun tí èmi ń sọ nìyí, mi ò sì ní yí i padà: kí o tó fọwọ́ kan ìlà kan ṣoṣo nínú ètò rẹ, jẹ́ kí àṣìṣe náà tún ṣẹlẹ̀ lójú rẹ. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí kò ti ń ṣẹlẹ̀, kí o fi méjèèjì wéra. Ẹni tí kò bá ṣe méjì yìí, ó ń méfò ni, ì báà ní dibọ́gà ogún.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ tó kàn wá lójú ààlà níbí. Nílé ìwé tiwa tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni, kọ́mà la fi ń ya ìdá nọ́ńbà sọ́tọ̀, a sì ń fi àyè òfìfo tàbí àmì ìdánudúró ya ẹgbẹ̀rún. Ní Nàìjíríà, òdì kejì rẹ̀ ni: kọ́mà ló ń ya ẹgbẹ̀rún, àmì ìdánudúró ló ń ya ìdá. Ìyá oníṣòwò kan ní Pobè fẹ́ kọ ẹgbẹ̀rún méjìlá ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta séfà, ó tẹ 12.500, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí ètò náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ní ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, méjìlá àti ààbọ̀ ló kà. Séfà kò sì ní kọ́bọ̀ nínú, nítorí náà ètò á gé ààbọ̀ yẹn kúrò, tàbí kó sọ ọ́ di mẹ́tàlá. Owó àpò gààrí ti di owó tí kò tó ra kúbù Maggi. Àbúrò rẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò tẹ 12,500 nínú áàpù kan náà, ó wọlé pé, kò sí wàhálà.

Ẹ wo bí àwọn méjì ṣe máa tún un ṣe. Ẹni tó ń méfò á sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ló já láàárín, owó kò wọlé tán. Á wá kọ ọ́ sínú ètò pé bí iye kò bá pé, kí ó tún un rán. Ṣé ẹ rí nǹkan tó ṣe? Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó ti bí ìkejì: ní báyìí, owó ẹlòmíràn á máa jáde lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á wá tún ìyẹn náà ṣe. Bí áàpù ṣe ń di àkísà nìyẹn, àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀, títí tí ẹni tó ni ín gan-an á fi máa bẹ̀rù àtifọwọ́ kàn án.

Ẹnì kejì á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ níjọ́sí, kí n wò ó." Á jókòó tì í. Á rí i tó ṣẹlẹ̀. Á pe àbúrò lódì kejì, á ní kó tẹ tirẹ̀. Á fi fóònù méjèèjì wéra. Áàpù kan náà ni, iye kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Àmì tó wà láàárín nọ́ńbà nìkan ló yàtọ̀. Tí ó bá wá fi print méjì síbẹ̀, ọ̀kan kí ètò tó ka ohun tí ìyá tẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn tó kà á tán, ọ̀rọ̀ parí. Kò gba wákàtí kan. Ó lè lo dibọ́gà pẹ̀lú, ohun kan náà ló máa rí. Ìjókòó tó jókòó ti màmá ló wo àìsàn yẹn, irinṣẹ́ kàn bá a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àjọ ni mo ń sọ, owó ata àti iyọ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tó tóbi jù bẹ́ẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò tó jókòó ìdánwò JAMB ní Èkó lọ́dún 2025. Ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹrin. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù Karùn-ún, nínú ọmọ 1,955,069, ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tí kò gba 200 nínú 400. Kí ni àwọn ènìyàn ńlá kọ́kọ́ sọ? Wọ́n ní àwọn ọmọ kò kàwé. Wọ́n ní orí fóònù ni wọ́n wà. Àwọn kan tilẹ̀ ní èyí fi hàn pé ọ̀nà ìjíwèé wò ti dí pátápátá, pé ó yẹ ká yọ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ ṣì" nìyẹn, agbádá ló kàn gbé wọ̀.

Àwọn ọmọ kò dákẹ́, àwọn òbí kò dákẹ́. Ẹ̀sùn pọ̀ débi pé àjọ náà pe àwọn ọ̀mọ̀ràn wọlé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà jáde sí gbangba, ó ní àṣìṣe wà lóòótọ́, ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn. Ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ní ibùdó ìdánwò 157: ibùdó 65 ní Èkó tó ní ọmọ 206,610, àti ibùdó 92 ní agbègbè Owerri, ìyẹn ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, tó ní ọmọ 173,387. Láti ọjọ́ 16 oṣù náà ni wọ́n ti ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ẹ fara balẹ̀ síbí, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Lọ́dún yẹn, wọ́n yí ètò náà padà: wọ́n ń da ìbéèrè àti ìdáhùn rú mọ́ra, kí ti ọmọ kan má bàa bá ti ẹni tó jókòó tì í mu, wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò èsì padà. Ìyípadà yìí nílò àtúnṣe kan lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pín ìdánwò fún àwọn ibùdó. Wọ́n fi àtúnṣe náà sórí àwọn tó ń bójú tó ìhà Kaduna. Wọn kò fi í sórí àwọn tó ń bójú tó Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Nítorí náà, ọmọ Èkó á mú ìdáhùn tó tọ̀nà, ẹ̀rọ á sì máa fi wé kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó kàwé, ó mọ̀ ọ́n, ó kùnà.

Ẹ̀yin ọmọ print àti ọmọ dibọ́gà, ẹ wá dá mi lóhùn. Èwo nínú yín ni ì bá rí ìyẹn? Bí ẹ bá gbé ètò náà sórí kọ̀ǹpútà yín ní ọ́fíìsì, tí ẹ ń tì í lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ di alẹ́, gbogbo ìlà ló máa dáa. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti ní àtúnṣe nínú! Kòkòrò náà kò sí nínú ìlà kankan. Ó wà ní ibi tí ìlà tuntun kò dé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè mú un ni kí a to èsì ìbùdó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òmíràn, kí a béèrè pé kí ló dé tí ibí fi rí báyìí tí ọ̀hún fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìyẹn kí èsì tó jáde, ẹkún àwọn ọmọ yẹn kì bá wáyé. Kò nílò irinṣẹ́ olówó ńlá. Ó nílò ẹni tí kò gbà pé ọmọ Èkó dédé gọ̀ ju ọmọ Kaduna lọ láàárín ọdún kan.

Mo gba Oloyede lójú ọ̀nà kan o. Ọ̀gá tó jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀ láti ka iye àwọn tí àṣìṣe kàn sétí ayé kò wọ́pọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí Fujitsu ṣe. Ètò náà ń sọ pé owó ń sọnù lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lórí àkọsílẹ̀ ètò yìí. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ta ilé. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2019 kí adájọ́ tó sọ ọ́ nílé ẹjọ́ gíga pé kòkòrò wà nínú ètò náà lóòótọ́, lẹ́yìn tí Alan Bates àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá wọn ṣẹjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìṣẹ̀ yẹn ló ti ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ń purọ́. Wọ́n ń dá wọn lóhùn pé kò sí ẹlòmíràn tó ní irú ìṣòro yẹn.

Nípa kí àṣìṣe tún ṣẹlẹ̀ lójú ẹni, mo ní ìtàn kan tó ń dẹ́rù bà mí títí di òní. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ, Therac-25, ilé iṣẹ́ AECL ní Kánádà ló ṣe é. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ẹ̀ẹ̀mẹfà tí a mọ̀ ni ẹ̀rọ náà da ìtànṣán tó pọ̀ jù bo aláìsàn. Ní ìlú Tyler ní Texas, oṣù Kẹta ọdún 1986, ó ṣe ọkùnrin kan bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá, wọ́n dán an wò, wọn kò rí nǹkan. Wọ́n ní bóyá iná mọ̀nàmọ́ná ló gbé e. Wọ́n dá ẹ̀rọ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin. Lọ́jọ́ 11, ó tún ṣe ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì kú.

Ta ló wá rí kòkòrò náà? Fritz Hager, onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn yẹn, pẹ̀lú obìnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ náà. Wọ́n jókòó tì í, obìnrin náà ń rántí bí òun ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tún un tẹ̀, títí iṣẹ́ náà fi jáde. Ọwọ́ obìnrin náà yá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣèèṣì tẹ lẹ́tà kan, tó sì tètè padà lọ tún un ṣe kí ìṣẹ́jú àáyá 8 tó pé, ojú ẹ̀rọ á fi hàn pé ó ti tún un ṣe, inú ẹ̀rọ kò ní mọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò lè rí i torí pé jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń tẹ tiwọn. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tí wọ́n ì bá sọ fún pé "ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ ṣì" ni ọwọ́ rẹ̀ mú kòkòrò jáde.

Nítorí náà, màmá tí ẹ ń lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn, òun ni ẹlẹ́rìí yín. Bó ṣe ń di fóònù mú, bó ṣe ń yára, àmì tó ń tẹ̀, èdè tó fi fóònù rẹ̀ sí, ibi tó dúró sí tí nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà ti ń gba ti Bẹ̀nẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín nínú gbogbo ìwọ̀nyí.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi. Àkọ́kọ́, wọ́n á ní kò sí àyè: àwọn oníbàárà ti tò, iná lè lọ nígbàkigbà, kí a pa á ká tún un tàn ló yá jù. Mo gbà. Ẹni tí ọjà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lè pa á kó tún un tàn, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kó ya àwòrán ojú fóònù náà ná, kó kọ aago tó lù, kó tó pa á. Bí o bá ti pa á, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. O ti gbá ojú ẹsẹ̀ olè nù kúrò nílẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni kí ẹni tó ṣe áàpù gan-an máa pe pípa àti títàn ní àtúnṣe.

Ìkejì, wọ́n á ní ayé ti yí padà, ChatGPT ló ń yọ kòkòrò báyìí. Mo ti ń rí i. Ọmọ á da ọ̀rọ̀ àṣìṣe síbẹ̀, á da ìdáhùn padà sínú ètò rẹ̀, kò ní ka ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mi ò sọ pé ẹ má lò ó; ó ń ṣàlàyé dáadáa, ó sì ń rántí ohun tí èèyàn gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò rí fóònù màmá. Kò mọ̀ pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní nọ́ńbà. Bí o kò bá fún un ní ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí àti ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, òun náà á méfò fún ọ, á sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni méjì tí kò rí aláìsàn wá ń kọ oògùn fún un.

Ẹ̀ẹ̀kan wà tí fífi ibi méjì wéra kò tó, ẹ má bàa rò pé mo ń ṣe orí kunkun. Bí áàpù bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tó wá bàjẹ́ níbi gbogbo lónìí, ìgbà la ó fi wéra dípò ibi. Bí ẹ ti ń tọ́jú gbogbo ìyípadà yín sínú Git (bí ẹ kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn), ẹ lọ sí àárín gbùngbùn: ṣé ó ti bàjẹ́ níbẹ̀ àbí ó ṣì dáa? Bó bá ti bàjẹ́, ẹ pín apá àtijọ́ sí méjì. Bó bá ṣì dáa, ẹ pín apá tuntun. Bí ẹni tó ń wá ibi tí omi ti ń jò nínú páìpù gígùn. Nínú ìyípadà 1,000, àyẹ̀wò 10 péré á gbé yín dé orí èyí tó ba nǹkan jẹ́. Àyẹ̀wò 10! Mo mọ ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ méjì láti méfò.

Print náà ní ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ, ó sì wà nínú èdè wa gan-an. Ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ṣe alífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè lọ́dún 1975, wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́dún 1990. Ɛ àti ɔ la fi ń kọ ohun tí Nàìjíríà ń fi ẹ àti ọ kọ. Ká ní ẹgbẹ́ kan tó ní ọmọ ẹgbẹ́ ní Sakété àti ní Ìlárọ́ ní àkójọ orúkọ kan. Ẹ wá "Ọlá", ẹ rí díẹ̀, ẹ kò rí ìyókù. Èyí tí wọ́n fi ɔ kọ, ojú á tètè rí i. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọ gan-an, oríṣi méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà: ọ tó jẹ́ ẹyọ kan, nọ́ńbà rẹ̀ ni U+1ECD, àti o lásán tí wọ́n wá fi àmì abẹ́, U+0323, sí lábẹ́. Lójú, ìbejì ni wọ́n. Bí ẹ bá fi print gbé wọn jáde, ọ̀kan náà lẹ máa rí, ẹ ó sì búra pé kò sí ìyàtọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà wọn gbé wọn jáde, àṣírí á tú. Lẹ́yìn náà lẹ ó tó mọ̀ pé ètò gbọ́dọ̀ sọ gbogbo wọn di ọ̀nà ìkọ̀wé kan kó tó fi orúkọ kan wé èkejì. Mélòó nínú wa ni wọ́n ti sọ fún pé orúkọ wa kò sí nínú ìwé, tó sì jẹ́ pé ó wà níbẹ̀, abẹ́ ọ ni ìjà wà?

Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí. Kì í pẹ́ tí orúkọ wa, owó wa, èsì ìdánwò ọmọ wa á fi wà nínú ètò tí ọmọ àdúgbò wa kọ, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ọmọ àdúgbò wa ló kọ ọ́. Ẹni tó wà ní Cotonou tàbí ní Paris kò mọ̀ pé ìyá kan náà ń ná náírà láàárọ̀, ó ń ná séfà lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa kò bá jókòó ti màmá, kí ló fi sàn ju ẹni tó wà ní Paris lọ?

Ẹ̀yin olórí àjọ, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ tó ń gba áàpù fún ilé ìwé, ọwọ́ yín ni owó wà. Nígbà tí ọmọ bá ní òun ti tún un ṣe, ẹ bi í pé: "Ṣé o rí i kó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ kí o tó tún un ṣe?" Ẹ tún bi í pé: "Níbo ni kò ti ṣẹlẹ̀, kí sì ni ìyàtọ̀?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má sanwó àtúnṣe yẹn. Ẹ fi ọgbọ́n sọ ọ́, ẹ má bú u, ṣùgbọ́n ẹ má sanwó.

Lọ́jọ́ ọjà Pobè tó ń bọ̀, ẹni tó bá ní áàpù tó ń ka owó lórí fóònù rẹ̀, kó dán an wò: kó tẹ 12.500, kó tẹ 12,500, kó tẹ 12 500, kó má fi ránṣẹ́, kó kàn wo iye tí áàpù náà sọ pé òun rí. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ gbé e síbí, ẹ kọ irú fóònù àti èdè tí ẹ fi í sí. Ẹ fi nọ́ńbà yín bo ojú o, a kò fẹ́ jìbìtì. Àwọn tó ṣe àwọn áàpù náà wà lára wa lójú ewé yìí, mo mọ díẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin àbúrò mi, àyè yín rèé. Ẹ bọ́ síta, ẹ sọ èyí tí ẹ ti fojú ara yín rí.